Òrùlé tó rẹlẹ̀: kí ni ká fi rọ́pò àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́?

Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn ló kọ̀wé sí mi. Ọdún 1978 ni ọkọ wọn kọ́ ilé náà. Ilé onípárápẹ́ẹ̀tì ni, ìyẹn ilé tí ògiri rẹ̀ ga kọjá òrùlé láti bò ó, mítà 11 ní gígùn, mítà 9 ní fífẹ̀. Àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì ni wọ́n fi bò ó, ọ̀nà kan ṣoṣo ni òrùlé náà sì dà sí, láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn, níbi tí gọ́tà wà nínú párápẹ́ẹ̀tì. Láti nǹkan bí ọdún mẹ́ta ló ti ń jò. Ọmọ wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ kí wọ́n fi stone coated, ìyẹn páànù tí wọ́n lẹ òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ lójú, bò ó nítorí ẹwà rẹ̀. Káfíńtà àdúgbò ní longspan, ìyẹn páànù gbọọrọ, ni kí wọ́n rà. Àbúrò wọn ní kí wọ́n kúkú da dẹ́kìn, ìyẹn òrùlé kọnkéré, lé e lórí, kí ọ̀rọ̀ jíjò tán pátápátá. Wọ́n wá béèrè pé, ta ni kí àwọn gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Ìyá mi, ẹ kú ìnira òrùlé jíjò. Kí n tó dárúkọ páànù kankan, ohun kan wà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó gbà yín nímọ̀ràn kò béèrè lọ́wọ́ yín, òun gan-an ló sì ni ìpinnu yìí: báwo ni òrùlé yín ṣe dà gẹ̀rẹ́ tó? Inú mi dùn pé ẹ ti ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n kí ẹ tó kọ̀wé. Ẹ ní bí a bá rin mítà kan lórí rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 9 péré ló fi ń ga sí i. Dígírì 5 nìyẹn, òrùlé tó rẹlẹ̀ gidigidi ni. Ẹlòmíràn tó bá fẹ́ wọn tirẹ̀, kí ó gbé pákó gbọọrọ kan tó gùn ní mítà kan lé ojú òrùlé, kí ó gbé lẹ́fẹ̀lì lé pákó náà, kí ó gbé ìhà ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè títí ojú lẹ́fẹ̀lì yóò fi dúró láàárín, kí ó wá wọn àlàfo tó wà láàárín pákó àti òrùlé níhà ìsàlẹ̀ yẹn. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 9, dígírì 5 ni. Bí ó bá jẹ́ bíi 18, dígírì 10 ni. Bí ó bá sì tó 27, ó ti wọ dígírì 15.

Àwọn baba wa tó ń fi koríko bẹẹrẹ bo ilé mọ ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì. Koríko kò lè dá omi dúró; bí òrùlé náà ṣe ga ṣóńṣó ló ń mú kí omi yára ṣàn bọ́ sílẹ̀ kí ó tó ráyè wọlé. Bẹẹrẹ yìí kan náà ni wọ́n ń gbé wá fún Aláàfin lọ́dọọdún nígbà ọdún Bẹẹrẹ ní Ọ̀yọ́, kí wọ́n lè fi tún òrùlé ààfin ṣe. Páànù òde òní le ju koríko lọ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kò ní ibi tí ọ̀kan ti gun orí èkejì, ibẹ̀ sì ni omi ń wá. Lórí òrùlé tó ga, omi á ti kọjá ibi ìgunra náà kí ó tó mọ̀ pé ọ̀nà wà níbẹ̀. Lórí èyí tó rẹlẹ̀, omi á máa fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa tì í padà sókè, ààyè tín-ínrín tó wà láàárín páànù méjì á sì máa fà á wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ gbé gíláàsì fèrèsé méjì léra, kí ẹ sì kán omi sí etí wọn: omi náà á fà wọ àárín wọn, kódà bí ẹ bá gbé wọn dúró díẹ̀.

Mo fi ojú ara mi rí èyí nínú ilé kan ní Ìbàdàn níhìn-ín, níbi tí wọ́n ti kan stone coated sórí igi tó rẹlẹ̀ bíi tiyín. Bí òjò ṣe ń rọ̀ lọ́wọ́, mo gun inú àjà lọ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mo sì tan iná sí ẹnu ìṣó kan. Ẹ̀kán omi kan yọ ní ṣóńṣó rẹ̀, ó wú títí ó fi tó ẹyọ ẹ̀wà kan, ó bọ́ sórí igi ìdábùú, ó sì tẹ̀ lé ara igi náà lọ bíi mítà méjì kí ó tó kán sórí àjà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni onílé ti ní kí wọ́n lẹ òrùlé lókè ibi tí àjà ti tutù, láìmọ̀ pé ọ̀nà jíjìn ni omi náà ti ń bọ̀. Kò sí ihò kankan lára páànù náà, tuntun ni gbogbo rẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òrùlé náà ni kò tó.

Nítorí náà, ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín pé ohun dáadáa ni stone coated, ó ń pẹ́, kì í sì í pariwo bí òjò bá ń rọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún òrùlé dígírì 5. Dígírì 12 sí 15 ni àwọn tó ń ṣe é sábà máa ń béèrè pé kí òrùlé tó, ó kéré tán. Èyí tí wọ́n ń pè ní step tile náà kò yàtọ̀, nítorí pé gbogbo àtẹ̀gùn kéékèèké tí wọ́n tẹ̀ sí i lára ni omi á máa dúró lé. Bí a bá fẹ́ kí òrùlé yín tó dígírì 15 pẹ̀lú bí ó ṣe dà sí ọ̀nà kan, orí rẹ̀ á ga tó mítà 2.4, párápẹ́ẹ̀tì yín tí ẹ ní kò fi ju sẹ̀ǹtímítà 90 lọ ga ju orí òrùlé ti ìsinsìnyí kò sì lè bo ìyẹn láéláé. Ọ̀nà tó kù ni kí a gbé góńgó sí àárín ilé, kí òrùlé dà sí iwájú àti ẹ̀yìn ní mítà 1.2 lókè, kí a sì mọ gọ́tà tuntun sí ìhà tí kò ti sí tẹ́lẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n igi tuntun látòkèdélẹ̀ ni, gọ́tà méjì dípò ẹyọ kan ni, inú ilé onípárápẹ́ẹ̀tì sì ni gọ́tà ti ń bàjẹ́ jù lọ. Èmi kò ní gbà yín níyànjú láti ná irú owó bẹ́ẹ̀ nítorí ohun tí párápẹ́ẹ̀tì á bò mọ́lẹ̀, tí ẹni tó ń kọjá lójú títì kò ní rí ju bíńtín lọ.

Ti dẹ́kìn rọrùn láti dáhùn. Dẹ́kìn tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 15 máa ń wọn bíi kílò 360 lórí mítà kan níbùú àti lóòró. Lórí ilé yín, ìyẹn lé ní tọ́ọ̀nù 35, bí ẹni pé a to àpò sìmẹ́ǹtì 700 sórí ògiri tí ọkọ yín mọ ní 1978 láti gbé àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì. Àfi bí ẹnjiníà bá gbẹ́ ìpìlẹ̀ wò, tó wọn ògiri, tó sì fọwọ́ sí i, kí ẹnikẹ́ni má da kọnkéré lé ilé yẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé dẹ́kìn kì í jò. Ó ń jò, tirẹ̀ sì nira láti rí ju ti páànù lọ. Fẹ́ẹ̀tì, ìyẹn awẹ́ ọ̀dà dúdú tí omi kì í wọ̀, tí wọ́n ń fi iná lẹ̀ mọ́ ọn lórí ló ń gbà á sílẹ̀, fẹ́ẹ̀tì náà sì ní ọjọ́ orí tirẹ̀.

Káfíńtà yín ló wá sún mọ́ òótọ́ jù, ṣùgbọ́n «longspan» tó sọ kò tíì tó. Ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀.

Ohun tó mú kí longspan yẹ òrùlé tó rẹlẹ̀ ni pé wọ́n lè gé e ní gígùn tí ẹ bá fẹ́ láti ilé iṣẹ́. Ní tiyín, kí páànù kọ̀ọ̀kan gùn láti òkè dé gọ́tà, ju mítà 9 lọ díẹ̀, láìsí ibi tí ọ̀kan ti gun èkejì lọ́nà ìdábùú. Bí ẹnikẹ́ni bá mú ọ̀kan tó jẹ́ mítà 5 àti òmíràn tó jẹ́ mítà 4 wá kí ó lè rọrùn láti kó sí ọkọ̀, kí ẹ dá a padà. Ìgunra ẹ̀gbẹ́ nìkan ni kí ó kù, orí gegele tó ga lára páànù sì ni ìyẹn máa ń wà, tí omi kì í dé bọ̀rọ̀. Kí wọ́n tún tẹ́ rọ́bà alẹ̀mọ́ tí wọ́n ń pè ní butyl sáàárín ìgunra ẹ̀gbẹ́ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní dígírì 5, mi ò ní fi èyí ṣe ohun tó wù kí wọ́n ṣe tàbí kí wọ́n má ṣe.

Dígírì 5 yìí gan-an ni òpin ohun tí ọ̀pọ̀ longspan lè gbà. Ẹni tó bá dúró sétí kànga kò gbọdọ̀ máa jó níbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ti ṣí òrùlé àtijọ́ kúrò, kí bíríkìlà fi ìlà búlọ́ọ̀kù méjì kún ògiri iwájú, níbi tí òrùlé ti ga jù, kí káfíńtà sì gbé igi àárín sókè bákan náà. Ìlà méjì yìí á fi bíi sẹ̀ǹtímítà 45 kún un, òrùlé yín á sì kúrò ní dígírì 5 bọ́ sí dígírì 8. Párápẹ́ẹ̀tì á ṣì bò ó. Nínú gbogbo owó tí ẹ ó ná, èyí ló kéré jù, òun náà ló sì máa ṣe yín lóore jù.

Ní ti ohun tí wọ́n fi ṣe páànù náà, àlùmíníọ̀mù ni kí ẹ rà. Ẹni tó bá dúró lórí òkè Màpó tó wo ìsàlẹ̀, á rí ohun tí ìpẹtà ń fi páànù síǹkì lásán ṣe. Aluzinc, ìyẹn irin tí wọ́n fi àdàlù àlùmíníọ̀mù àti síǹkì bò, kì í ṣe ohun burúkú fún ìlú tó jìnnà sókun bí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti gé e tàbí lu ú ni ìpẹtà ti ń wọ̀ ọ́. Kí àlùmíníọ̀mù náà jẹ́ mílímítà 0.55. Ọ̀pọ̀ ló ń ta 0.45 ní orúkọ 0.55, ojú lásán kò sì lè mọ̀ ọ́n. Ẹ ní kí wọ́n gé èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ fún yín, sẹ̀ǹtímítà 10 níbùú, sẹ̀ǹtímítà 10 lóòró, kí ẹ gbé e lé ìwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò. Èyí tó jẹ́ 0.55 lóòótọ́ á wọn bíi gíráàmù 15, ọ̀dà ara rẹ̀ á sì fi díẹ̀ kún un, 0.45 kò ní ju bíi gíráàmù 12 lọ. Ẹni tó ń tà á tí kò bá gbà kí ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Àlùmíníọ̀mù fúyẹ́. Gbogbo èyí tí ilé yín máa gbà kò lè tó kílò 200, nítorí náà bí a ṣe dè é mọ́lẹ̀ ṣe pàtàkì ju bí a ṣe gbé e sókè lọ. Ìjì tó ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ ló ń ká òrùlé lọ nílẹ̀ wa. Kí igi ìdábùú tí wọ́n ń pè ní purlin má jìnnà síra ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ, kí wọ́n sì fi irin pẹlẹbẹ de igi tó wà lórí ògiri mọ́ ògiri fúnra rẹ̀. Sukúrù tó ní wáṣà rọ́bà ni kí wọ́n lò dípò ìṣó, nítorí ìṣó máa ń yọ díẹ̀díẹ̀ bí igi bá ti ń gbẹ. Orí gegele páànù ni kí wọ́n de sukúrù sí. Mo ti bá ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kàn án sí kòtò rẹ̀ jà, wọ́n á ní ibẹ̀ ló ti fara ti igi. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni omi ń gbà kọjá.

Páànù tó gùn ní mítà 9 máa ń gùn sí i bí ooru bá mú un. Láàárín òwúrọ̀ kùtù àti ọ̀sán gangan, ooru ara páànù lè yàtọ̀ tó ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àlùmíníọ̀mù tó gùn tó bẹ́ẹ̀ á sì gùn sí i ní bíi mílímítà 8. Nítorí náà, kí ihò sukúrù fẹ̀ díẹ̀ ju sukúrù lọ, kí wáṣà sì bò ó. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ páànù láti ìhà ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn, nítorí pé láti ìlà oòrùn ni ìjì òjò wa ti sábà máa ń wá, bí a bá sì tẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ẹnu ìgunra á kẹ̀yìn sí i. Ní etí òkè, kí wọ́n fi púláyà ká kòtò páànù sókè kí afẹ́fẹ́ má baà ti omi kọjá. Ní ìsàlẹ̀, kí páànù yọ wọ inú gọ́tà ní sẹ̀ǹtímítà 5.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi gọ́tà, nítorí mo fura gidigidi pé ibẹ̀ ni ìdajì ohun tó ń jò lára ilé yín ti ń wá. Bí òjò ńlá kan bá rọ̀ tó mílímítà 50 láàárín wákàtí kan, lítà omi tó sún mọ́ 5,000 ni òrùlé yín máa dà sínú gọ́tà kan ṣoṣo yẹn, ìyẹn dúrọ́ọ̀mù ńlá 25. Páìpù kan ṣoṣo ni ẹ sì ní ó wà níbẹ̀. Ewé kan tó bá dí i, inú ilé ni omi á wọ̀. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná: páànù tó wù kí ẹ rà, bí gọ́tà yìí bá wà bó ṣe wà, àjà yín á tún tutù.

Kí wọ́n fọ́ sìmẹ́ǹtì àtijọ́ inú rẹ̀, kí wọ́n tún un ṣe kí ó ga ní àárín, kí ó sì máa rẹlẹ̀ lọ sí ìgun méjèèjì ní sẹ̀ǹtímítà kan fún mítà kọ̀ọ̀kan. Kí páìpù oní-ínǹṣì mẹ́rin wà ní ìgun méjèèjì. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n lu ihò méjì sí ara párápẹ́ẹ̀tì lókè ìsàlẹ̀ gọ́tà, ṣùgbọ́n kí ihò náà rẹlẹ̀ ju etí páànù lọ, kí omi lè tú síta bí páìpù bá dí. Bí ẹ bá rí omi tó ń tú jáde lójú ihò yẹn, ẹ mọ̀ pé ó tó àkókò láti pe ẹni tó máa gbá gọ́tà. Kí fẹ́ẹ̀tì tó nípọn ní mílímítà 4 bo gbogbo inú gọ́tà, kí ó gun ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 20, kí ó sì wọ abẹ́ páànù ní sẹ̀ǹtímítà 30. Níbi tí òrùlé ti pàdé ògiri lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n la ojú ìlà sínú ògiri, kí wọ́n ki etí páànù pẹlẹbẹ bọ̀ ọ́, kí wọ́n tó dí i. Wọn kò gbọdọ̀ kàn fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ mọ́ ara ògiri: á là kí ọdún tó yí po, sìmẹ́ǹtì tútù sì ń jẹ àlùmíníọ̀mù.

Ní ti àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì tí ẹ fẹ́ yọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Bí ó bá dúró láìfọ́, ewu rẹ̀ kò pọ̀. Eruku rẹ̀ ni ikú. Ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti kà á mọ́ àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ, àrùn náà sì lè fara sin fún ọdún 20 sí 40 kí ó tó yọjú. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ yín wà fòfin dè é pátápátá ní 1999. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi òòlù fọ́ ọ, kí wọ́n má sì fi ẹ̀rọ gé e. Kí wọ́n fi omi rẹ ẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tú ìṣó rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lódindi, kí wọ́n sì fi ọ̀rá tó nípọn dì í. Ìbòmú tí wọ́n kọ FFP3 sí lára ni kí àwọn òṣìṣẹ́ lò. Aṣọ tí a so mọ́ imú kò lè dá eruku yìí dúró. Kí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ-ọmọ yín kúrò nílé lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n gbé pákó gígùn lé orí igi kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, nítorí àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì tó ti pé ọdún 40 máa ń ya lábẹ́ ẹsẹ̀ lójijì, ènìyàn a sì já wọ inú ilé. Ẹ má ṣe gbà kí wọ́n kó àfọ́kù rẹ̀ dí kòtò ojú títì. Ẹ béèrè lọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó ìdọ̀tí ní ìpínlẹ̀ yín ibi tí wọ́n ń gbà á sí.

Ti igi kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: gbogbo èyí tí ọ̀bẹ bá wọ̀ bí ẹni ń gún iṣu ni kí ẹ pààrọ̀, kí ẹ sì fi oògùn ikán kun àtijọ́ àti tuntun. Ẹ mú àwọ̀ funfun tàbí èyí tó fara jọ ọ́, nítorí òrùlé tó rẹlẹ̀ sún mọ́ orí ènìyàn, àwọ̀ dúdú á sì mú kí yàrá gbóná bí ààrò.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ ìgbà òjò. Ẹ ta tápólì sórí ibi tó ń jò gan-an báyìí, kí ẹ sì fi iṣẹ́ gidi sí oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì. Bí wọ́n bá parí rẹ̀, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n kan àjà tuntun. Ẹ ní kí ẹnì kan fa rọ́bà omi gun òkè, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi gọ́tà, kí ó máa da omi sí ojú kan fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó sún sókè, kí ẹlòmíràn wà nínú ilé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ó máa wo ẹnu sukúrù àti ìdí ògiri. Nígbà tí ẹni tó wà nísàlẹ̀ bá sọ pé gbogbo rẹ̀ gbẹ ni kí ẹ tó san owó tó kù fún wọn.